Àwọn Ọmọ Makun Kì í Ṣe Obì

Liverpool,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje, 1986.

Ẹ̀yin ìyá mi Wúlẹ̀mọ̀tù, olóbì Makun,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọjà, ẹ kú ọmọ títọ́. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Morónkẹ́ ọmọ wa tí a fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ yín ńkọ́? Èmi àti Àtinúkẹ́ ìyàwó mi wà ní àlàáfíà, bí a bá yọ ti òtútù kúrò. Ìgbà ooru ni wọ́n pe èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí, síbẹ̀ súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ kí n tó jókòó kọ lẹ́tà.

Ìyá, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ mọ̀ pé ìwádìí lórí ibà ni mo ń ṣe níbí, lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé kulorokúìnì tí gbogbo ayé ń lò yìí, ṣé ó ṣì ń pa ibà lára àwọn ọmọ kéékèèké tí ara wọn kò tíì gbó? Ìròyìn ń kàn wá láti ibòmíràn pé ó ti ń kùnà. Makun ni a yàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fẹ̀hìntọlá yóò ti ọsibítù Ṣàgámù wá bá yín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Ọgbọ̀n ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí ibà ń ṣe, ló ń fẹ́. Yóò gbé wọn sórí ìwọ̀n, yóò gún wọn níka, yóò kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò sì fún wọn ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúdọ̀tun yóò wá wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, yóò tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn gíláàsì náà yóò wá bá mi níbí, èmi ni n ó fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n.

Àwọn ìyálọ́mọ kò ní í gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì bí wọn yóò ti gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ló wà lórí iṣẹ́ yìí. Bí ó bá bàjẹ́, ojú á tì mí níwájú àwọn òyìnbó, mo sì lè pàdánù oyè tí mo wá gbà.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí mo fi rán Yísà sí yín, ṣé inú rẹ̀ ni Morónkẹ́ ń sùn?

Èmi ni ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Mọ́ṣúdù.


Makun, Ṣàgámù,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, 1986.

Mọ́ṣúdù Àkànbí ọmọ mi,

Wa àlékùm sàlámù. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí òyìnbó tó gbà yín sọ́dọ̀. Wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáadáa. Ṣé o rí i pé ó ti tọ́ ju ti ọdún tó kọjá lọ? Kí ẹ máa fi ẹ̀kọ́ àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo tún un kà. Mo wá bi ara mi léèrè pé, ṣé ibà ni ọmọ mi sọdá òkun lọ kọ́? Ibà! Èyí tó wà ní Makun kò tó ọ? Bí o bá ti sọ fún mi ni, ǹ bá ní kí o jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́, ẹ̀fọn ì bá kọ́ ọ yé, kò sì ní í béèrè súwẹ́tà. Ojúọlá tó múlé tì wá bi mí pé kí ni ò ń kọ́ lọ́hùn-ún. Mo ní dókítà ńlá ni ọ́. N kò dárúkọ ibà.

Ní ti nẹ́ẹ̀tì, ó dé, ó sì dára púpọ̀. Mo ti fi bo àwọn agbọ̀n obì mi. Láti ìgbà tí mo ti ń fi bò wọ́n, kòkòrò kò rí gbànja mi jẹ mọ́, àwọn Haúsá oníbàárà mi ní Sábó ń yìn mí. Jọ̀ọ́, fi òmíràn ránṣẹ́, agbọ̀n mẹ́ta ṣì wà níta.

Mo ti bá àwọn ìyálọ́mọ sọ̀rọ̀. Hàbíbátù ìyàwó Yésúfù ní òyìnbó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ṣe wáìnì ni. Mo ní ẹ̀jẹ̀ orí ìka ọmọ mélòó ni yóò kún ìgò? Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an ni ara yíyún. O mọ bí kulorokúìnì ṣe ń ṣe àgbàlagbà níbí. Àbúrò bàbá rẹ lò ó lóṣù tó kọjá, ó fi ẹ̀yìn ha ara ògiri bí ewúrẹ́ títí ẹfun fi bó kúrò lára ògiri. Mo ṣèlérí fún wọn pé kì í fi bẹ́ẹ̀ yún ọmọdé.

Má bẹ̀rù nítorí orúkọ rẹ. Ọmọ olóbì kì í tẹ́ lọ́jà. Ọjà rẹ, ọjà mi ni. Ọgbọ̀n ọmọ lo béèrè, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni n ó fún ọ. Mẹ́rin tó lé, èènì ni. Morónkẹ́ ni n ó kọ́kọ́ tì síwájú, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ ọlọ́mọ la fẹ́ fi dán nǹkan wò. Ó bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ náà, ara rẹ̀ gbóná láti àná. Kò jẹ́ kí n tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí bí a ti máa ń ṣe.

Bá mi wá agogo tó ń dún fúnra rẹ̀, tí n ó fi máa jí sàárì. Ìyàwó wa kò fi fọ́tò ránṣẹ́. Ṣé ó rù ni?

Èmi ìyá rẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí o kò sì fi ìpara ránṣẹ́ sí,
Wúlẹ̀mọ̀tù.


Makun, Ṣàgámù,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ, 1986.

Mọ́ṣúdù Àkànbí,

Mo kí ọ. O kò tíì fèsì lẹ́tà mi. Kò burú. Bóyá bíírò rẹ ni òtútù mú. A kú ọdún Iléyá o. Àgbò wa kò tóbi, ṣùgbọ́n ó jà kí wọ́n tó dè é mọ́lẹ̀, inú mi dùn sí i.

Iṣẹ́ rẹ ti yọrí! Nọ́ọ̀sì Fẹ̀hìntọlá wá bí o ti wí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló gún níka, ariwo ẹkún wọn dé Ibido. Wọ́n lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta wọn, èmi fúnra mi ni mò ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń la ẹnu wọn wò bóyá wọ́n gbé e mì. Hàbíbátù fẹ́ fi ààbọ̀ oògùn tirẹ̀ pamọ́ de ìgbà mìíràn nítorí pé ara ọmọ rẹ̀ ti tutù, mo dúró tì í títí ọmọ fi gbé e mì.

Nígbà tó wá ku ọ̀la tí Olúdọ̀tun yóò dé, mo ní kí n lọ yẹ ọjà wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ń sáré kiri, wọ́n ń fa ìrù àgbò. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án kò dára. Ara wọn tún ti gbóná, wọ́n kàn jókòó gẹlẹtẹ. Mo ní háà, ṣé báyìí ni n ó ṣe gbé ọjà ọmọ mi fún òyìnbó? Ìwọ náà mọ iṣẹ́ wa, orí obì la bí ọ sí. Kí Àlájì oníbàárà tó ṣí ewé lójú agbọ̀n, a ó ti da obì sílẹ̀, a ó ti ṣa èyí tó ní kòkòrò kúrò, a ó fi èyí tó dán dáadáa dí àyè rẹ̀. Kì í ṣe èrú. Ìmọ́tótó ọjà ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣa àwọn mẹ́sàn-án náà kúrò, mo ní kí àwọn ìyá wọn gbé wọn wọ yàrá.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, àwọn ọmọ Bẹ̀llò aládùúgbò wa àti ti àwọn ará ilé wọn ti dé láti Èkó wá ṣe Iléyá, àwọn ọmọ tó ń jẹ bọ́tà láàárọ̀. Àwọn ni mo fi dí àyè. Olúdọ̀tun kò mọ ẹnì kankan nínú wọn tẹ́lẹ̀. Kì í wo ojú èèyàn, ìka nìkan ló ń wò. Bí mo bá ti pe orúkọ, ọmọ á na ìka, ó tán. Èyí tó fẹ́ dà rú díẹ̀ ni ti Sídíkátù ọmọ Ojúọlá. Ọmọkùnrin lẹni tí mo fi dípò rẹ̀, mo wé gèlè sí i lórí, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ọmọ náà lọ tọ̀ lórí ìdúró níwájú Olúdọ̀tun.

Morónkẹ́ wà lára àwọn mẹ́sàn-án. Ọmọ Bẹ̀llò kan tó sanra bí ìrọ̀rí ni mo fi dípò rẹ̀. Ara Morónkẹ́ á gbóná lálẹ́, á tutù láàárọ̀. Mo fún un ní omi dogoyárò, ibà náà lọ, ó tún padà lánàá. Kò jẹ nínú ẹran Iléyá, ojú rẹ̀ sì funfun díẹ̀. Mo rò pé kí n gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Fẹ̀hìntọlá wà. Bí ó bá rí ọmọ dókítà ibà gan-an tí ibà dá dùbúlẹ̀, kí la ó sọ? Má mikàn. Yóò lọ.

Sọ fún òyìnbó rẹ pé kò sí ẹyọ kan tó bàjẹ́ nínú agbọ̀n.

Èmi ìyá rẹ tí kò jẹ́ kí ojú tì ọ́,
Wúlẹ̀mọ̀tù.


Liverpool,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, 1986.

Ìyá mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Lẹ́tà yín ti ìparí oṣù keje tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín nítorí èènì, mo sì rẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ lánàá nígbà tí arákùnrin kan tó ti Èkó wọ bàálù dé gbé àwọn gíláàsì wa fún mi.

Ìyá, mo wo gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí Olúdọ̀tun gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí kòkòrò ibà kan ṣoṣo! Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ pé bí ó bá rẹ́rìn-ín, àkọsílẹ̀ là ń ṣe é, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, èmi ni n ó dìde níwájú àwọn dókítà láti ilẹ̀ púpọ̀, àwọn ará ilé-iṣẹ́ ìjọba láti ọ̀dọ̀ wa náà á wà níbẹ̀. N ó sọ fún wọn pé oògùn yìí ṣì lágbára ní Rẹ́mọ, kí wọ́n má wulẹ̀ wá òmíràn sí i fún àwọn ọmọ wa.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi gíláàsì Morónkẹ́ kẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ẹ sọ pé ara rẹ̀ gbóná. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo jókòó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ gbọ́, kí lẹ fi ń bọ́ ọ? Kílò mẹ́tàlá ni Nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ogún ni Olúdọ̀tun kọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo sọ fún Àtinúkẹ́, ó jó yí tábìlì ká. Ó ní kí ẹ rọra máa fún un lẹ́bà lálẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bí oògùn náà bá ń ṣe báyìí, òun náà á lò ó fún àwọn adìyẹ òun. Mo rò pé ìwọ̀n Olúdọ̀tun ló bàjẹ́. Bóyá ojú rẹ̀ náà, nítorí ó kọ ọ́ pé ọkùnrin ni Sídíkátù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí obì. Ọmọ ni mo rà á fún.

Mọ́ṣúdù yín.


WÁYÀ
Liverpool, 13 oṣù kẹsàn-án, 1986.

ÌYÁ. Ẹ GBÉ MORÓNKẸ́ LỌ SÍ ỌSIBÍTÙ LÓNÌÍ. Ẹ GBÉ ÀWỌN MẸ́JỌ YÒÓKÙ LỌ. Ẹ MÁ ṢA ỌMỌ MỌ́. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. MỌ́ṢÚDÙ.


Ọsibítù, Ṣàgámù,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1986.

Mọ́ṣúdù,

O kò kí mi. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, o kò bá mi sọ̀rọ̀ láìkí mi rí, àfi nínú wáyà yìí.

Ṣé o mọ ohun tí wáyà jẹ́ nínú agbo ilé wa? Wáyà tó dé gbẹ̀yìn, ikú bàbá àgbà rẹ ló sọ. Nígbà tí ọmọ ilé ìfìwéránṣẹ́ náà na ìwé sí mi, mi ò tíì gbà á tí mo ti kígbe pé, "Yèésí kú? Yèésí?" Ará Ìbàdàn ni, kò gbọ́ èdè wa, ó ń wò mí. Mo tún bi í pé ta ló kú. Ó ní òun ò mọ̀, kí n ṣáà tẹ̀ka. Ojúọlá ti tú gèlè. Àbúrò bàbá rẹ ti ń ka Fátíà. Hàbíbátù ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé òtútù ló pa ọ́, òun ti mọ̀ pé súwẹ́tà méjì kò lè tó. Ìwé náà wà lórí agbọ̀n obì, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ya á.

Nígbà tí mo kà á, inú mi kọ́kọ́ dùn pé o kò kú. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi pé o kò kí mi. Lẹ́yìn náà ni mo wo Morónkẹ́ lórí ẹní. Mọ́ṣúdù, ó dà bí ẹni pé n kò wò ó láti ọjọ́ yìí wá. Ètè rẹ̀ funfun. Mo pè é, ó kàn mi orí.

Mo pọ̀n ọ́n. N kò mọ ibi tí ìrora ẹsẹ̀ mi lọ. Mo sáré dé títì, awakọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ìńtáṣéǹjì ló yà wá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, kò gba kọ́bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pàdé ni Nọ́ọ̀sì Fẹ̀hìntọlá. Ó ní, "Ìyá, ọmọ ta nìyí?" Mo ní Morónkẹ́ ni. Ó ní irọ́ ni, Morónkẹ́ ti di ogún kílò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lórí ìdúró, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Wọ́n wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Hàbíbátù tó ní ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe wáìnì, ọkọ rẹ̀ Yésúfù ló na apá. Wọ́n ń fi kúìnì sí omi tó ń kán sí ọmọ náà lára. Lánàá ó ṣí ojú, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹran Iléyá. Mo ní ẹran ti tán. Mo wá bú sẹ́kún, ó ní kí n má sunkún, ẹyin náà dára.

Ibà náà kò tíì padà lónìí. Dókítà ní kí a ṣì máa wò ó. Àwọn mẹ́jọ yòókù ti wà níbí, Nọ́ọ̀sì rán mọ́tò lọ kó wọn, wọ́n ti ń gba oògùn mìíràn. Àwọn ìyá wọn jókòó yí mi ká, kò sí ẹni tó bá mi wí, gbogbo wọn ló ń wò mí.

Mo rò pé o máa dúpẹ́ ni. Mo rò pé mo ń bò ọ́ láṣìírí. Ẹ̀rù bà mí, Mọ́ṣúdù. Bí wáyà rẹ bá pẹ́ sí i ńkọ́? Má sọ fún ìyàwó wa. Bí o bá ti sọ fún un, sọ fún un pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

Ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù.


Liverpool,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, 1986.

Ẹ̀yin ìyá mi Wúlẹ̀mọ̀tù, olóbì Makun, ìyá Morónkẹ́,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúrọ̀lẹ́, ẹ káalẹ́. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ kú orí ire. Àwọn tí mo jẹ yín nínú wáyà nìyẹn. Wọ́n máa ń ka ọ̀rọ̀ gba owó níbẹ̀, Ìyá, wọn kò mọ̀ pé ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Àná ni lẹ́tà yín dé. Láti ọjọ́ tí mo ti tẹ wáyà ni a ti ń retí, a kò mọ̀ bóyá ọmọ wa wà láàyè. Àtinúkẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà náà, àfi láti béèrè bóyá onílẹ́tà ti kọjá. Lánàá, ó ka ibi tí Morónkẹ́ ti ní ẹyin náà dára, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sunkún títí iná fi jó ìrẹsì wa.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka èyí tí ẹ fi ṣàlàyé bí ẹ ṣe ṣa àwọn ọmọ. Mo bọ́ sílẹ̀ níbi tí n kò mọ̀, mo sáré lọ tẹ wáyà, mo wá lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n nílé rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: agbọ̀n, ewé, Àlájì, gèlè orí ọmọkùnrin. Ó gbọ́ ọ tán. Lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Ìgbà tó tó gẹ́ẹ́ ni ó ní, "Mọ́ṣúdù, ta ló sọ fún ìyá rẹ pé bí oògùn bá kùnà, ìwọ ni ojú máa tì?" Ìyá, èmi ni mo sọ fún yín. Ó wà nínú lẹ́tà tí mo kọ sí yín.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo dìde níwájú wọn. Mo ní nínú ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́sàn-án ni oògùn kò ràn, ìyá mi sì fi wọ́n pamọ́ nítorí pé ó fẹ́ràn mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀kan nínú wọn, ọmọ mi ni, n kò sì tíì mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ ìjọba wá bá mi lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí a tún iṣẹ́ náà ṣe dáadáa, àwọn á wá oògùn kejì sílẹ̀ de àwọn ọmọ tí ti àkọ́kọ́ kò bá ràn.

Nítorí náà mo tún ń bẹ̀ yín. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi kọ́ ni olóbì. Èmi ni oníbàárà, èyí tó ní kòkòrò gan-an ni mo wá rà. Bí ẹ bá gbé obì tó dán fún mi, ẹ rẹ́ mi jẹ nìyẹn. Bí ọmọ kan kò bá gbádùn lẹ́yìn oògùn, ẹ gbé e síwájú, kí wọ́n fún un ní kúìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mọ́ṣúdù yín.

Ìyá, èmi Àtinúkẹ́ nìyí. Mo kúnlẹ̀ mo kí yín. Inú bí mi sí yín, n kò ní í purọ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí yín, mo sì fa gbogbo wọn ya. Ìkẹrin nìyí: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọmọ mi sínú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣé tí ẹ fi ẹsẹ̀ yẹn sáré. Ìpara rẹ̀ wà nínú àpò tí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá gbé dání, agogo sàárì wà níbẹ̀, fọ́tò mi náà wà níbẹ̀. N kò rù.


Makun, Ṣàgámù,
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, 1986.

Mọ́ṣúdù Àkànbí, àti Àtinúkẹ́ ìyàwó mi,

Wa àlékùm sàlámù. Ìkíni tí o fi ránṣẹ́ pé, ó tilẹ̀ lé, mo fi èyí tó lé ṣe èènì. Àtinúkẹ́, mo gbé fọ́tò rẹ sórí ògiri. Ó rù díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agogo náà ń dún bí ẹni tí olè wọlé rẹ̀, gbogbo agbo ilé ló ń jí, Àlùfáà mọ́sáláṣí ní kí n má tà á.

A ti tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo pe àwọn ìyálọ́mọ jọ, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣì í, pé ọmọ mi kò wá ta nǹkan fún ẹnikẹ́ni, ibi tó bàjẹ́ ló ń wá. Hàbíbátù ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Olúdọ̀tun ni mo mú lọ́ranyàn jù. N kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìka ọmọ kankan àfi bó bá kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, tó kí i lórúkọ, tí ọmọ náà jẹ́. Ó ní òun kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ní yóò mọ́ ọn lára. Ní ọjọ́ tó padà wá, iwájú pátápátá ni mo to àwọn tí ara wọn kò yá sí. Hàbíbátù fi ọmọ tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú, mo wọlé, mo fà á jáde. Kúìnì ni wọ́n fún gbogbo wọn lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn jà. Nọ́ọ̀sì béèrè ọgbọ̀n ọmọ, méjìlélọ́gbọ̀n ni mo mú wá. Má bínú, ọwọ́ mi kò lè wọn nǹkan láìfi èènì sí i, ṣùgbọ́n ibà ń ṣe àwọn méjì náà lóòótọ́.

Yíǹkì tó wà nísàlẹ̀ yìí, àtẹ́lẹwọ́ Morónkẹ́ ni. Èyí tó wà lẹ́yìn ìwé, òun náà ni, èyí tó wà lára àpò lẹ́tà, òun náà ni. N kò lè gba ìgò yíǹkì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kílò mẹ́rìnlá ni báyìí, mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi.

Agbọ̀n kékeré tó bá lẹ́tà yìí wá, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ni. Gbànja ni. Sọ fún un kó ṣí ewé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò rí mẹ́ta tí kòkòrò ti jẹ lókè pátápátá, kó tó kan èyí tó dára. Láti ìgbà tí mo ti ń ta obì, n kò gbé e fún oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí. Kó má ṣe rò pé n kò mọ ọjà tọ́jú. Nẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń bò wọ́n ni Morónkẹ́ ń sùn nínú rẹ̀ báyìí.

Ìyá yín,
Wúlẹ̀mọ̀tù.